Bí ògiri yàrá òtútù wa ní Ìdí-Àbà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn

Ẹ̀fọ́ àti ata ni ìyàwó mi ń tà, ọjà Láfẹ́nwá ní Abẹ́òkúta níbí ló sì ti máa ń rà wọ́n. Nítorí ẹ̀fọ́ ṣọkọ tó máa ń rọ mọ́ ọn lọ́wọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú ni mo ṣe sọ yàrá kékeré kan lẹ́yìn ilé wa di yàrá òtútù. Ẹ̀rọ amúlétutù lásán ni mo lò. Irú rẹ̀ kì í sábà mú yàrá tutù kọjá 16°C, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi fi ohun èlò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní CoolBot ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, èyí tó máa ń mú ibi tí ẹ̀rọ amúlétutù náà fi ń mọ ooru gbóná díẹ̀, kí ó lè máa rò pé yàrá kò tíì tutù. Báyìí ni a ṣe dé 8°C. (Tòmátò tí kò tíì pọ́n kò fẹ́ òtútù tó tó bẹ́ẹ̀, a kì í kó o síbẹ̀.)

Oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni a kọ́ ọ, nígbà tí ọyẹ́ ń fẹ́, gbogbo nǹkan sì gbẹ. Káfíńtà to fóòmù funfun mọ́ ara búlọ́ọ̀kù, ó wá ta ọ̀rá sí iwájú fóòmù náà, lápá inú yàrá. Èmi gan-an ni mo ní kí ó ṣe é bẹ́ẹ̀, nítorí mo rò pé ara ẹ̀fọ́ ni omi yóò ti máa wá.

Nígbà tí òjò oṣù Òkúdù dé, omi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn jáde nísàlẹ̀ ògiri, ẹ̀rọ kò sì sinmi tọ̀sán tòru mọ́. A ṣí pákó kan. Fóòmù tó yẹ kí ó fúyẹ́ bí ìyẹ́ ti wúwo, igi tó dì í mú ti rọ̀ débi pé èékánná mi wọ inú rẹ̀, ohun funfun bí òwú sì ti hù sí i lára.

Bí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò tútù ṣe ń làágùn lórí tábìlì ni ọ̀rọ̀ náà rí: afẹ́fẹ́ ìta ni omi ti ń wá. Bí afẹ́fẹ́ bá gbóná tó 30°C, tí ọ̀rinrin rẹ̀ sì jẹ́ ìdá 80 nínú 100, ohunkóhun tó bá tutù ju nǹkan bí 26°C lọ ni yóò sọ ọ́ di omi. Ọ̀rinrin ń gba inú búlọ́ọ̀kù àti fóòmù kọjá, ó ń kan ẹ̀yìn ọ̀rá tó tutù, ó sì ń di omi níbi tí ojú wa kò tó. Apá ibi tó gbóná ló yẹ kí ọ̀rá wà.

A tú gbogbo rẹ̀, a fi fáànù gbẹ ẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn náà, a ta ọ̀rá tó nípọn mọ́ búlọ́ọ̀kù, òrùlé àti ilẹ̀, a jẹ́ kí etí wọn gun ara wọn dáadáa, a fi téèpù dì í, kí fóòmù tó tẹ̀ lé e. A tẹ páìpù tí omi ẹ̀rọ ń gbà jáde kọ́rọdọ, kí omi dúró nínú rẹ̀ dí afẹ́fẹ́ ìta lọ́nà. Ní ti rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn, mo há bébà sí i yípo. Ibi tí bébà bá ti yọ wọ́ọ́rọ́wọ́, a tún un ṣe.

Òjò ọdún kejì ti kọjá báyìí, ògiri sì gbẹ. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn nìkan ló ṣì máa ń sẹ ìrì bí a bá ṣí i lọ́sàn-án, nítorí náà ìdájí ni ìyàwó mi ń kó ọjà jáde, aṣọ ìnulẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.