Ilẹ̀ ni mo dì mú títí mo fi gba ipò kìíní nínú ìdíje Warhammer 40,000

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, nínú Warhammer 40,000, eré ogun orí tábìlì tí a ń fi ère kékeré àti dáìsì ta, ohun tí ó gbé mi borí kò sí lára bí ẹgbẹ́ ogun mi ṣe lágbára tó. Ẹgbẹ́ ogun tí iye rẹ̀ jẹ́ pọ́ìǹtì 2,000 ni oníkálukú wa gbé wá, ìpele márùn-ún sì ni ìjà kọ̀ọ̀kan ní. Nínú irú ìdíje yìí, ẹni tí ó bá di àwọn àmì tí a tò sórí pápá mú ni máàkì ń wọlé fún jù lọ, kódà bí ọmọ ogun rẹ̀ bá kú ju ti ọ̀tá lọ.

Ní ìjà àṣekágbá, alátakò mi gbé ọkọ̀ ogun rẹ̀ tí ó tóbi jù síta gbangba. Ó wù mí púpọ̀ láti kọlù ú. Ṣùgbọ́n àwọn jagunjagun mi tí ó lè fọ́ ọ máa ń ti òfuurufú bọ́ sílẹ̀ ni, wọ́n sì gbọ́dọ̀ jìnnà sí ọ̀tá ju ínǹṣì 9 lọ, nítorí náà dáìsì méjì tí mo bá jù láti mọ iye ínǹṣì tí wọ́n lè sáré gbọ́dọ̀ pé 9 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nínú ọ̀nà 36 tí dáìsì méjì lè gbà bọ́ sílẹ̀, 10 péré ni ó fún ni ní èyí. Akin tó mọ ìjà tí kò mọ ìsá, òun ní í bá ogun lọ. Ẹ̀yìn ògiri ni mo fi wọ́n pamọ́ sí, mo sì rán ikọ̀ kékeré kan tí kò wọ́n lọ di àmì igun pápá mú.

Nígbà tí máàkì mi ń gòkè, kò ṣeé ṣe fún un láti dúró mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ni ó wá bá mi, títí ó fi ku 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí mo nílò lórí dáìsì méjèèjì: ọ̀nà 26 nínú 36 ni èyí. Àwọn jagunjagun náà jáde, ọkọ̀ ogun náà sì parẹ́.

Ohun kan tún wà tí inú mi dùn sí jù. Lẹ́yìn alátakò mi ni mo máa ń ta ní ìpele kọ̀ọ̀kan, òfin sì jẹ́ kí ẹni kejì ka máàkì tirẹ̀ ní ìparí ìpele karùn-ún, lẹ́yìn tí ọ̀tá kò lè fèsì mọ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo ti dá ikọ̀ kan tí ó yára sí fún ìṣẹ́jú yẹn, òun ni ó sì gba àmì méjì tí ó mú mi ṣíwájú.