Ta ló san kí ni lórí físà Skilled Worker yín?

Ìyá Ìbejì, Manchester:
Àwọn tó ń múra àtiwá sí ìlú Ọba máa ń bi mí pé èló ni físà Skilled Worker, ìyẹn físà iṣẹ́ tí agbanisíṣẹ́ ń ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀. Èmi á ní kí wọ́n kọ́kọ́ bi ẹni tó fẹ́ gbà wọ́n síṣẹ́ pé èwo ni yóò san níbẹ̀. Nígbà tí àwa ṣe tiwa ní 2025, £1,519 ni físà ọlọ́dún márùn-ún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ṣì ṣeé gbọ́. Owó ètò ìlera ìjọba (NHS) tí wọ́n ń pè ní IHS ló gbò wá jìgìjìgì: £1,035 lọ́dún fún àgbàlagbà, £776 fún ọmọdé, wọn kì í sì í gbà á díẹ̀díẹ̀. Ti ọdún márààrún lẹ ó san lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi, ọkọ mi àti ìbejì wa, £18,110! Ilé-iṣẹ́ san tèmi, £5,175. Ìyókù, ọkọ mi ta ilẹ̀ sí i.

Òfin ò ní kí agbanisíṣẹ́ san IHS, àdéhùn ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bèèrè kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé. Bí wọ́n bá sì gbà láti san án, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ẹ ó dá a padà bẹ́ ẹ bá tètè fiṣẹ́ sílẹ̀. Ó wà nínú ìwé tèmi.

Ọ̀gá Kékeré, Birmingham:
Ẹ kú ìnáwó, mà. Àwa tá à ń gbani síṣẹ́ náà ń gbọ́ ọ. Iléeṣẹ́ mi ò tóbi, torí náà £574 ni mo san ní 2025 fún ìwé àṣẹ onígbọ̀wọ́, èyí tó jẹ́ kí n lè gba òṣìṣẹ́ láti òkèèrè. £1,579 ni ti àwọn iléeṣẹ́ ńlá nígbà náà. CoS, ìwé ẹ̀rí ìgbọ̀wọ́ tí òṣìṣẹ́ fi ń gba físà, £525 ni mo san fún ẹnì kan. £239 ni tẹ́lẹ̀, oṣù kẹrin 2025 ni wọ́n gbé e sókè. Lẹ́yìn ìyẹn ni Immigration Skills Charge, owó tí ìjọba ń gbà lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́ tó bá mú òṣìṣẹ́ wá láti òkèèrè, £364 lọ́dún fún irú wa nígbà tí mo san án, £1,820 fún ọdún márùn-ún, owó ojú ẹsẹ̀. Láti oṣù kejìlá 2025, ó ti di £480 lọ́dún, £1,320 fún iléeṣẹ́ ńlá. Bí wọn ò bá fún òṣìṣẹ́ náà ní físà, wọ́n á dá owó Skills Charge yìí padà.

Síbẹ̀, owó oṣù gan-an ló wúwo jù lọ́rùn mi. Láti oṣù keje 2025, owó ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ò gbọdọ̀ dín ní £41,700 lọ́dún. Mo mọ àwọn ọ̀dọ́ tó mọṣẹ́ dáadáa tí mi ò lè gbà nítorí èyí, ó sì ń dùn mí.

Àdùkẹ́:
Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Èmi bá ẹnì kan pàdé tó ní kí n kó £7,000 wá fún CoS. Mo ní kó kọ ohun tí owó náà wà fún sílẹ̀, kò kọ ọ́. Owó CoS àti ti ìwé àṣẹ, láti ìparí 2024 ni Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí físà, ti ní kí onígbọ̀wọ́ má gbé e lé òṣìṣẹ́ Skilled Worker lórí. Skills Charge kò tiẹ̀ fìgbà kan jẹ́ tiwa. Wọ́n lè gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀. Mo jáwọ́ níbẹ̀. Iléeṣẹ́ tó padà gbà mí, wọn ò bèèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi fún CoS; físà àti IHS nìkan ni mo san.