"Ìyànláàyò" kọ́: kí la ó máa pe ìtọ́jú tí ìjọba kọ́kọ́ sanwó rẹ̀?

Bí owó ìjọba ò bá tó, tó wá pinnu pé abẹ́rẹ́ àjẹsára lòun máa sanwó rẹ̀, pé iṣẹ́ abẹ ọkàn kò tíì kàn, kí lorúkọ ohun tó ṣe yẹn? Ẹnìkan dábàá "ìyànláàyò". Ẹlòmíì ní "ìwòsàn ọ̀fẹ́" ti tó.

Kò tó. A ti ń gbọ́ "ìwòsàn ọ̀fẹ́" láti ìgbà ìpolongo UPN, ẹgbẹ́ òṣèlú Awólọ́wọ̀, ní 1979, ó sì dùn létí, àmọ́ pé aláìsàn ò ní sanwó nìkan ló sọ. Kò sọ àìsàn wo, ibẹ̀ sì ni ìjà wà.

"Ìyànláàyò" ló tiẹ̀ bí mi nínú. Ààyò nílé olórogún kì í ṣe ẹni tí ìṣòro rẹ̀ le jù, ẹni tí ọkàn baálé fẹ́ ni, kò sì sẹ́ni tó máa bi í pé kí ló dé. Èyí tí à ń wí gbọ́dọ̀ ṣeé bi léèrè: ẹni mélòó ni yóò gbà là? Èló ni yóò ná wa? Ta ni yóò wọ gbèsè bí ìjọba ò bá san án?

Nígbà tí Táílándì bẹ̀rẹ̀ ètò ìlera gbogboogbò ní 2002, 30 baht péré laláìsàn ń san kó tó rí dókítà, ṣùgbọ́n wọn ò sanwó fífọ ẹ̀jẹ̀ fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀. Ó ti wọ́n jù. Àwọn aláìsàn ò dákẹ́, nígbà tó sì di 2008, fífọ ẹ̀jẹ̀ wọ inú ètò náà. Irú fífọ ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń da omi sí ikùn, tí aláìsàn lè ṣe nílé, ni wọ́n fi ṣíwájú. Ṣé ààyò ló wá di yẹn?

"Àkọ́náwólé", ìyẹn ohun tí a kọ́kọ́ náwó lé lórí, ni mo fara mọ́. "Àkọ́" yẹn fi hàn pé òmíràn lè tẹ̀ lé e. Ó bá òfin ìlera Nàìjíríà ti 2014 mu, tó ya ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọ àpò ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀, kí ìdajì rẹ̀ lè lọ sórí ìtọ́jú kòṣeémánìí. (Pé owó ọ̀hún ò wọ ìṣúná àfi ní 2018, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.)

Wọ́n ní ó gùn jù fún rédíò. Bí a bá gé e sí "àkọ́ná", ẹni tó gbọ́ á rò pé ọjà là ń ná, nítorí náà ẹ jẹ́ kó gùn. Èyí tí mi ò tíì rí orúkọ fún ni ìtọ́jú tí kò tíì kàn. "Àìkàn" sún mọ́ ọn, àmọ́ ó jọ pé kò ní kàn láéláé. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù, kó mú un wá.