Kí ni kí n yà síwájú ìwé géèmù wa?

Ọmọ Tánkẹ̀:
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o ẹ̀yin tèmi. Àwa ọ̀rẹ́ kan ní Tánkẹ̀ la máa ń gbá Dungeons & Dragons lópin ọ̀sẹ̀, géèmù orí tábìlì tí wọ́n fi ń sọ ìtàn tí wọ́n sì ń ju dáìsì sí ni, a ti wá ń kọ géèmù tara wa báyìí, ilẹ̀ Ìgbómìnà ni ìtàn ẹ̀ dá lé, òkè, igbó, eégún, gbogbo ẹ̀ ló wà ńbẹ̀. Èmi ni mò ń ya kọ́fà. Akọni kan ló dúró sórí àpáta tó na idà sókè, wọ́n ní ó rẹwà, àmọ́ kò sẹ́ni tó ní ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀. Kí ló wà lára àwọn kọ́fà àtijọ́ géèmù Dungeons yẹn tó jẹ́ pé téèyàn bá ti rí i, ọwọ́ ẹ̀ á ti máa wá dáìsì?

Bàbá Dáìsì:
Àbúrò, lọ wo Players Handbook ti 1978, ìwé òfin géèmù yẹn fáwọn tó ń gbá a, David Trampier ló ya kọ́fà ẹ̀. Ère gàǹgà kan ló jókòó, olè méjì ti gùn ún dé orí, wọ́n ń yọ òkúta iyebíye tó wà lójú ẹ̀, nísàlẹ̀ wọ́n ń wọ́ òkú àwọn ẹ̀dá bí alángbá lọ, àwọn kan ń yẹ máàpù wò. Ìjà ti parí pátápátá! Ohun tí á máa jẹ ẹ́ lọ́kàn ni pé ta ló ni ère ọ̀hún, kí ló máa ṣẹlẹ̀ tójú yẹn bá já bọ́. Ohun tá a sì ń bira wa nídìí tábìlì nìyẹn. Akọni tìẹ kàn dúró ni.

ÌjàkadìLorò:
Òótọ́ lẹ sọ ẹ̀gbọ́n, àmọ́ ìjà náà ń fa èèyàn o. Àpótí pupa 1983 tí wọ́n kó géèmù yẹn sí, tí Larry Elmore ya iwájú ẹ̀ ńkọ́? Jagunjagun yẹn kẹ̀yìn sí wa, drágónì ló la ẹnu gbàràgàdà kọjú sí wa, ibi tí jagunjagun dúró sí gan-an lẹni tó ń wò ó náà dúró sí. Frank Frazetta, ayàwòrán tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ya irú kọ́fà yìí wò kọ́ṣẹ́, á ya ara èèyàn débi iṣan, ẹ̀yìn á wá ṣú bí èéfín, ìwọ lo máa fọkàn ya èyí tó kù. Tàwọn tuntun kan, wọ́n á ya gbogbo ewé igi tán, kò ní kù síbì kan téèyàn á gbà wọlé.

Ará Ìsin:
Ilẹ̀ Ìgbómìnà kẹ̀, tẹ́ ẹ wá ń wá ère kiri? Àwọn ère òkúta Èsìẹ́ lé ní ẹgbẹ̀rin, mùsíọ́ọ̀mù wọn tó bẹ̀rẹ̀ ní 1945 ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Òmíràn jókòó sórí àpótí, òmíràn mú àdá lọ́wọ́, irun tí wọ́n dì hàn ketekete, orí ọ̀pọ̀ ti kán. Àwọn àgbà ní àlejò ni wọ́n tẹ́lẹ̀, wọ́n wá di òkúta. Yà wọ́n sínú igbó lálẹ́, káwọn arìnrìn-àjò mẹ́ta gbé àtùpà dé, kí àpótí kan láàárín àwọn ère má lẹ́ni lórí. Àmọ́ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni yọ ojú ère wọ̀nyẹn o, wọ́n ṣì ń ṣọdún wọn ní Èsìẹ́.

Ọmọ Tánkẹ̀:
Àpótí tí ò lẹ́ni lórí! Ẹ ṣé gan-an, ara mi ti yá gágá. Ṣé káwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kẹ̀yìn sí wa?

Bàbá Dáìsì:
Kí méjì kẹ̀yìn, kí ẹ̀kẹta bojú wẹ̀yìn bí ẹni tó gbọ́ nǹkan. Kó o sì fi àyè sílẹ̀ lókè fún orúkọ géèmù, tí ò bá rí bẹ́ẹ̀ lẹ́tà ló máa bo àtùpà yẹn mọ́lẹ̀.