Ta ló máa san gbèsè June 12 fún àwa tí wọn ò mọ orúkọ wa?

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. July 1993 ni bàbá mi jáde nílé ní Mushin, kò fẹsẹ̀ ara ẹ̀ padà wálé. Ní 23 June ni Babangida, olórí ìjọba ológun, ti fagi lé ìbò ààrẹ June 12 tí Abiola wọlé, Èkó ti dàrú, wọ́n ń sun táyà lójú títì, ìjọba wá kó sójà sígboro. Bàbá mi ò bá wọn ṣe ìwọ́de o, ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ló lọ wò tí ìbọn fi bà á, àwọn ará àdúgbò ló gbé e wá fún wa. Títí dòní kò sí ìwé ìjọba kankan tó sọ pé sójà ló pa á.

Nígbà tí Ọbásanjọ́ gbé ìgbìmọ̀ Oputa kalẹ̀ ní 1999 láti wádìí ìyà tí ìjọba fi jẹ ará ìlú, ẹ̀gbọ́n mi kọ ìwé ẹ̀sùn. Ìwé tí wọ́n gbà tó bíi 10,000, ìwọ̀nba ni wọ́n gbọ́ ní gbangba, tiwa ò sí níbẹ̀. Màmá mi ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n, ó ń retí ọjọ́ tí Babangida máa yọjú. Kò wá. Buhari àti Abdulsalami, tí àwọn náà ti ṣe olórí ìjọba ológun rí, ò wá, ìjọba ò sì tẹ àbọ̀ ìgbìmọ̀ yẹn jáde.

Ní 2018 tí Buhari fún Abiola ní GCFR, oyè tó ga jù ní Nàìjíríà, tó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹbí ẹ̀, mo sọkún ayọ̀, ó tọ́ sí wọn. Àwa ńkọ́? February 2025 Babangida fẹnu ara ẹ̀ gbà pé Abiola ló wọlé, ọjọ́ yẹn gan-an ni àwọn olówó dá ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù náírà fún un láti fi kọ́ láíbúrárì. Ó dùn mí wọ egungun.

—

Ẹ kú àmúmọ́ra, ẹ̀gbọ́n mi. Abacha, ológun tó gbàjọba ní 1993, ti àbúrò bàbá mi mọ́lé, ìgbà tí Abacha kú ní June 1998 ni wọ́n tó tú u sílẹ̀, ojú ẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́, àwa ọmọ là ń ra òògùn. Owó tí Abacha kó pamọ́ ń padà wálé o! 322 mílíọ̀nù dọ́là láti Switzerland, wọ́n fi pín 5,000 náírà lóṣù fún àwọn tálákà nígbà yẹn, èyí tó wá láti Jersey ní 2020 bọ́ sórí ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn àtàwọn iṣẹ́ mìíràn. Mi ò bínú sí tálákà, èmi náà ń gba ọ̀nà yẹn, àmọ́ ṣé wọn ò lè yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn tó jìyà gan-an ni?

—

Àbúrò mi, òótọ́ lẹ sọ. Màmá mi ní òun ò ní fọwọ́ kan owó gbà-má-bínú kankan àfi tí wọ́n bá kọ́kọ́ kọ orúkọ ọkọ òun sílẹ̀. Èmi fẹ́ méjèèjì. Ẹni tó bá ṣì ní ẹ̀dà ìwé tí ẹbí ẹ̀ kọ sí Oputa lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jẹ́ kí ikán jẹ ẹ́, ẹ ya fọ́tò ẹ̀, ká kó wọn jọ kí àwọn màmá wa tó lọ tán.