Ọjọ́ mẹ́ta ní Cape Coast àti Elmina: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti dé etí òkun Gánà rí, èmi àti màmá mi fẹ́ lọ lo ọjọ́ mẹ́ta ní Cape Coast. Ilé olódi Elmina, tí àwọn Potogí kọ́ lọ́dún 1482, ni mo fẹ́ rí jù. Ṣùgbọ́n orúnkún ń dun màmá. Ṣé àtẹ̀gùn ibẹ̀ kò ní pọ̀ jù fún wọn? Mi ò fẹ́ ká wo Elmina àti ti Cape Coast lọ́jọ́ kan náà: ẹni tó bá jáde nínú yàrá tó ṣókùnkùn tí wọ́n ń ti àwọn ẹrú mọ́ nínú àwọn ilé olódi wọ̀nyí láyé òwò ẹrú nílò àyè láti mí. Etíkun wo ni ìgbì rẹ̀ ò le? Níbo la ti lè jẹ kenkey (oúnjẹ àgbàdo àwọn ará Gánà) gbígbóná pẹ̀lú ẹja díndín tí ata rẹ̀ ò ní ta màmá lẹ́nu jù?