Ìpara tí mo pò nílé pọ́n bí tíì láàárín ọjọ́ mẹ́fà

Àṣàké_Ìbàdàn:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, mo kí yín. Mo fẹ́ po ìpara tí yóò mú àpá dúdú tí irorẹ́ fi sílẹ̀ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi mọ́lẹ̀ díẹ̀. Kì í ṣe pé mo fẹ́ bóra. Mo yọ́ òrí àti àdí àgbọn, mo fi emulsifying wax (ìda tó ń mú kí òróró àti omi pò pọ̀) pò ó mọ́ omi kànga tí mo ti sè, lẹ́yìn náà ni mo da àwọn èròjà tí wọ́n fi ń mú àpá mọ́lẹ̀, ìyẹn kojic acid, fítámì C àti niacinamide, pẹ̀lú oje ọsàn wẹ́wẹ́ ṣíbí méjì sí i. Lọ́jọ́ tí mo ṣe é, ó funfun, ó sì ń jọ̀lọ̀ lọ́wọ́. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ kẹfà, ó ti pọ́n bí tíì, omi ti ya sí ìsàlẹ̀ ike, ó sì ń rùn bí ògì tó kan jù. Ojú tún ń ta mí bí mo bá fi para. Èwo nínú wọn ni kò bá èkejì mu?

Ìyá_Alọ́ṣẹ:
Àṣàké, pẹ̀lẹ́ o. Ọsàn wẹ́wẹ́ ni kí o kọ́kọ́ mú kúrò. Yàtọ̀ sí pé kíkan rẹ̀ ń ta ojú, ẹni tó bá fi oje rẹ̀ para tó sì bọ́ sínú oòrùn lè jóná kí ara rẹ̀ sì léròrò, àpá tí yóò sì kù níbẹ̀ lè dúdú ju èyí tí ò ń sá fún lọ.

Ní ti fítámì C, èyí tí wọ́n ń pè ní ascorbic acid, ó ń fẹ́ kí pH ìpara (òṣùwọ̀n kíkan: bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe kéré tó ni nǹkan ṣe kan tó) wà nísàlẹ̀ 3.5 kí ó tó lè wọ ara dáadáa, nígbà tí niacinamide ń fẹ́ àárín 5 sí 7, nítorí pé bí kíkan bá pọ̀, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa di nicotinic acid, tí í máa mú ojú gbóná tí ó sì ń pọ́n. O kò lè fi àwọn méjèèjì sínú ike kan kí o tẹ́ wọn lọ́rùn. Pípọ́n bíi tíì yẹn, afẹ́fẹ́ ló ń ba fítámì C àti kojic acid jẹ́. Bí irin bá sì wà nínú omi kànga yín, kojic acid yóò tètè pọ́n sí i. Sísè kì í yọ irin kúrò nínú omi.

Apòpara:
Ohun tí Màmá sọ ni mo fara mọ́. Òórùn ògì yẹn, bakitéríà ni, torí pé ẹ kò fi adènà ìbàjẹ́ kankan sí ìpara tó ní omi nínú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé fítámì E tó, ṣùgbọ́n òróró nìkan ló ń dáàbò bò kí ó má bàa kan.

Èyí tí mo máa ń ṣe nìyí, fún 100 gíráàmù: distilled water 71, glycerin 4, niacinamide 4, emulsifying wax 6, òrí 6, òróró fífúyẹ́ 8, àti phenoxyethanol 1, adènà ìbàjẹ́ tí kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òṣùwọ̀n ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, ẹ má fi ṣíbí wọ̀n ọ́n. Ẹ gbé omi àti glycerin sórí iná lọ́tọ̀, òrí, òróró àti wax lọ́tọ̀, títí ooru àwọn méjèèjì yóò fi tó 70 sí 75 dígírì, kí ẹ tó dà wọ́n pọ̀ kí ẹ sì máa rò ó láìdáwọ́ dúró títí yóò fi tutù. Bí ó bá ti sọ̀ kalẹ̀ sí 40 ni kí ẹ fi niacinamide tí ẹ ti pò mọ́ díẹ̀ nínú omi náà sí i, àti phenoxyethanol. Ẹ fi bébà pH wò ó: 5.5 sí 6 ló dára. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ 8 sí 12, kí ẹ sì máa lo ìpara adáàbòbò oòrùn ní ọ̀sán.

Àṣàké_Ìbàdàn:
Ẹ ṣé gan-an. Ẹni tó ta èròjà fún mi ní kí n fún túùbù ìpara kan sí i kí ó lè yá kíákíá. Ṣé kí n fi sí i?

Ìyá_Alọ́ṣẹ:
Rárá o, ọmọ mi. Ka ara túùbù náà: bí o bá rí clobetasol, oògùn ilé ìwòsàn ni, kì í ṣe èròjà ìpara. Yóò mú ojú mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ó bá pẹ́ lára, awọ á fẹ́lẹ́ débi pé iṣan á máa hàn, bí o bá sì dá a dúró, irorẹ́ á tún padà wá. Èyí tó ti pọ́n lọ́wọ́ rẹ, dà á nù. Má ṣe sọ pé o fẹ́ fi pa ẹsẹ̀.